Ìkìlọ̀: Ẹ má san owó "akọ kan, abo kan" lórí ọmọ ẹja

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọlọ́jà tó ń ta ọmọ ẹja ní méjì-méjì, tí wọ́n ń búra pé akọ kan abo kan ni, tí wọ́n sì ń tìtorí ìyẹn bù lé owó. Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹja, kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí wọ́n ṣì kéré.

Ẹ wo kenyi, ẹja Adágún Malawi. Búlúù onílà dúdú ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó bá ń dàgbà ni akọ ń di yẹ́lò, abo a sì wà ní búlúù tirẹ̀. Ọlọ́jà tó mú ọmọ búlúù méjì tó pe ọ̀kan ní akọ, kò rí ohunkóhun tí ẹ̀yin náà kò rí. Wọ́n á nàka sí àmì róbótó tó wà lára lẹbẹ́ abẹ́ ìrù, wọ́n á ní ẹ̀rí akọ nìyẹn. Irọ́ ni, abo náà ń ní in. Ẹnì kan tí mo mọ̀ ra irú "tọkọtaya" bẹ́ẹ̀, àṣé akọ ni méjèèjì. Èyí tó lágbára kò jẹ́ kí èkejì jẹun, ó ń já a ní lẹbẹ́ títí ó fi kú. Nígbà tó padà lọ bá ọlọ́jà, wọ́n ní omi rẹ̀ ni kò dára. Ẹ fi èsì yẹn sọ́kàn, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún.

Ti angelfish le jù, torí àgbà rẹ̀ pàápàá kò hàn. Àfi tó bá kù díẹ̀ kó yé ni ohun kékeré kan ń yọ lábẹ́ ikùn: ti akọ tín-ín-rín, ó ṣóńṣó, ti abo nípọn, orí rẹ̀ kò mú. Bí wọ́n bá ní "àwọn wọ̀nyí ti yé rí," ìyẹn kò tó. Abo méjì lè dúró pọ̀ bíi tọkọtaya, kí wọ́n yé ẹyin tí yóò kàn funfun, tí kò ní di ọmọ láéláé. Ọmọ tí wọ́n bí ni kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Wọ́n tún ń ta akọ betta onílẹbẹ́ kúkúrú bí abo. Ẹni tó bá kó irú rẹ̀ sáàárín abo yóò máa kó òkú. Àmì funfun kékeré lábẹ́ ikùn ń fi abo hàn, ṣùgbọ́n ọmọdé akọ míì náà ń ní in, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n gbé dígí síwájú rẹ̀. Bó bá rí àwòrán ara rẹ̀ tó sì ń halẹ̀ mọ́ ọn, awọ tí akọ ń yọ lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ̀ ju ti abo lọ dáadáa.

Guppy rọrùn: lẹbẹ́ abẹ́ akọ rí bí igi tín-ín-rín, ti abo fẹ̀. Ṣùgbọ́n abo tó ti bá akọ gbé inú omi kan náà lè máa bímọ fún oṣù mélòó kan láìrí akọ mọ́. Ẹ má ra "wúńdíá" níbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni họ́mọ̀nù. Bí ẹ bá rí ẹja peacock, tí òun náà jẹ́ ẹja Adágún Malawi, kéékèèké tí gbogbo wọn ń dán bí akọ àgbà, tí kò sí aláwọ̀ eérú bí abo kankan láàárín wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan ń fi họ́mọ̀nù akọ sínú oúnjẹ wọn. Tí oúnjẹ yẹn bá dáwọ́ dúró, àwọ̀ á ṣí, abo inú wọn sì lè yàgàn.

Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ẹ ra ọmọ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní iye ẹja lásán, kí ẹ tọ́ wọn dàgbà. Fún ẹja Malawi bíi kenyi, ẹ yọ akọ tó bá pọ̀ jù, kí akọ kan ní abo mẹ́ta ó kéré tán, kí ìbínú rẹ̀ má baà dá lé ẹyọ kan lórí. Ẹ kó òkúta tó ní ihò ìsápamọ́ sínú omi wọn, kí ẹ sì tún un tò kí ẹja tuntun tó wọlé, kí ẹni tó ti gba igun kan má baà rí i dì mú. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tọkọtaya dandan, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì. Bó bá kọ̀, ẹ lọ ra ọjà níbòmíràn.