Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀: ṣé ThinkPad T480 ni àbí MacBook Air M1?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ tèmi. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ fẹ́ máa kọ, tàbí ìṣirò ọjà, tàbí iṣẹ́ iléèwé, ẹ ra T480 ti Lenovo. Bó bá jẹ́ fídíò lẹ máa ń gé, tí ẹ sì máa ń tò, ẹ ra MacBook Air M1 ti Apple. Ọdún 2018 ni T480 jáde, M1 dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, àmọ́ ọjọ́ orí nìkan kọ́ la fi ń yan kọ̀ǹpútà níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ nígbàkigbà.

Nígbà tí M1 ṣì wà ní tuntun, Apple ní ó lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 15 láìkan ṣájà. Ìyẹn pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ bátìrì méjì ni T480 ní: ọ̀kan wà nínú, èkejì wà lẹ́yìn. Bí ti ẹ̀yìn bá tán, ẹ yọ ọ́, ẹ ki òmíràn tó ti gba iná bọ ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní kú, torí ti inú ló ń gbé e dúró. Tòkunbọ̀ sì la ń sọ, bátìrì á ti gbó díẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè pààrọ̀ ti ẹ̀yìn T480 láàárín ìṣẹ́jú kan; ti M1, àfi kí oníṣẹ́ tú u, torí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ni.

Ráàmù, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ńkọ́? T480 ṣeé fi kún nígbà tí owó bá dé. Ti M1, iye tẹ́ ẹ bá rà náà lẹ ó máa lò títí, ibi ìpamọ́ rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lágbára, kó wá M1 tí ráàmù rẹ̀ jẹ́ 16GB. M1 fúyẹ́ ju T480 lọ, kò ní fáànù, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere. Ti T480, ẹ má gba ojú 1366x768 tí kò mọ́ kedere. 1920x1080 ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ ṣọ́ra o: T470 jọ T480 bí ìbejì. T470 kò sí lára àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kọ̀ǹpútà tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi páásíwọọ̀dù tì pa. Àbúrò mi ra tòkunbọ̀ kan, ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ tó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ pé kóun bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, orúkọ iléeṣẹ́ kan lókè òkun ló yọ sójú rẹ̀, ó ń bèèrè páásíwọọ̀dù wọn. Owó tó fi ọdún kan kó jọ nìyẹn.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ẹni tó ń ta M1 jáde kúrò nínú iCloud rẹ̀, ìyẹn àkáǹtì Apple rẹ̀, kó pa inú rẹ̀ rẹ́, kó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì ṣí i lákọ̀tun lójú yín. Ti T480, bí ẹ bá ti ń tàn án, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà ẹ tẹ F1 kí ẹ lè wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ rẹ̀ (BIOS). Bó bá bèèrè páásíwọọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.