Ayétòrò àná àti Ayétòrò òní

Láyé àtijọ́, orí pákó ni wọ́n ń rìn ní Ayétòrò, ìlú etíkun Ìlàjẹ tí àwọn ọmọ ìjọ Krístì kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947. Wọn a ri òpó igi mọ́ inú ẹrẹ̀, wọn a to pákó lé e, wọn a kàn án pọ̀, títì nìyẹn. Àpò kan ni èrè apẹja, ahunṣọ àti akankọ̀ ń wọ̀, ìlú ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Iná mànàmáná ti ń tàn níbẹ̀ láti 1953, nígbà tí àtùpà ṣì ni ọ̀pọ̀ ìlú ń tàn. Ohun ìwúrí gbáà ni!

Ní òpin àwọn ọdún 1960, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dá òwò tirẹ̀ ṣe. Ìyẹn kọ́ ló dùn wá jù. Òkun ni. Ó ti gbé ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé lọ.

Ilé orí òpó dára fún omi tó bá kún láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì kì í kún lásán, ńṣe ló ń gbẹ́ ìdí òpó. Ẹrẹ̀ ni etíkun Ìlàjẹ, kì í ṣe yanrìn, kíá ló sì ń wọ́ lọ. Òpó iwájú á kọ́kọ́ fì, ìṣó á yọ, pákó á là. Ẹ̀yìn ni àwọn ará ìlú ń sún sí, bẹ́ẹ̀ àbàtà ló wà lẹ́yìn. Iyọ̀ sì ti wọ omi mímu.

Àpò yanrìn kò lè dá òkun dúró, nítorí ó máa ń rì sínú ẹrẹ̀. Òkúta ńlá tí a tẹ́ aṣọ líle sábẹ́ rẹ̀ ló lè dúró.