ABS-CBN àti GMA ní Ọdún 2020

Ọdún 2020 ni ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì ní orílẹ̀-èdè Philippines pínyà pátápátá. Ìwé àṣẹ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ GMA, tí wọ́n ti sọ dọ̀tun fún ọdún 25 ní 2017, kò ní ìyọnu kankan, ṣùgbọ́n ti ABS-CBN parí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì pàṣẹ ní ọjọ́ kejì pé kí ó kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ní oṣù Keje, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin fi ìbò 70 sí 11 kọ ìbéèrè rẹ̀ fún àṣẹ tuntun. Ìkànnì Kapamilya Channel tí ABS-CBN dá sílẹ̀ lórí kébù kò lè dé ilé ẹni tí kò lágbára láti san owó oṣooṣù (ìyẹn gan-an ló dùn mí jù), nígbà tí ètò GMA ṣì ń wọ ilé tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kẹwàá ni àwọn ètò ABS-CBN kan tó padà sórí afẹ́fẹ́ nípasẹ̀ A2Z, ìkànnì ọ̀fẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn.