Àgbéyẹ̀wò Ètò Wíwá Ilé Tuntun fún Àgbàlagbà Ajá Tó Ń Bu Ènìyàn Jẹ

Iṣẹ́ tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni èyí tí ilé ìwòsàn ẹranko aládàáni kan ní Ìbàdàn ń ṣe fún àwọn alájá tí ipò wọn kò gbà wọ́n láàyè láti máa tọ́jú ajá wọn mọ́. Wọ́n á yẹ ajá náà wò láti orí dé ìrù, wọ́n á kọ ìwà rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti rí gan-an, wọ́n á wá ẹni tí ó lè gbà á tọ́jú, wọ́n á sì máa bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé tuntun náà fún oṣù 6. Mo ní ohun tí mo fẹ́ yìn wọ́n fún, mo sì ní ohun tí inú mi kò dùn sí. Nítorí èyí kejì ni n kò ṣe ní dárúkọ wọn.

Ajá tí mo mú lọ bá wọn ni Tanímọ̀la, akọ ajá Jámánì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Alsatian, tí ó ti pé ọmọ ọdún 9. Ẹ̀yà ajá yìí kì í sábà kọjá ọdún 13 láyé, nítorí náà bí ó bá ti lé ní ọdún 7 tàbí 8, àgbà ti dé sí i nìyẹn. Láti kékeré ni ó ti ń ṣọ́ ilé wa láìpa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ìwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó bu ọlọ́dẹ wa jẹ lẹ́sẹ̀ ní ẹnu géètì. Ó tún bu alágbàfọ̀ jẹ lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láti gbé garawa. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá nítòsí àwo oúnjẹ rẹ̀, yóò kùn, yóò sì yọ eyín. Bí a bá tan jẹnẹrétọ̀, yóò máa yí ọgbà ká, yóò sì máa gbó títí iná yóò fi dé.

Àkókò yìí kan náà ni ètò wa láti kó lọ bá àwọn ọmọ wa ní Manchester ń lọ lọ́wọ́. Mo wádìí bóyá a lè mú un dání. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìlànà ìwọlé ẹran ọ̀sìn wọn ní ìrọ̀rùn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré sí ajá lábẹ́ awọ, kí a tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ó kéré tán, ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà ni a tó lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, a ó sì tún dúró fún oṣù 3 láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè wọ ìlú wọn. Gbogbo ìyẹn ṣe é ṣe. Èyí tí kò ṣe é ṣe ni kí a ti ajá tí ó ń ṣòro fún láti dìde nílẹ̀, tí ẹ̀rù ariwo sì ń bà, mọ́ inú àpótí nínú ọkọ̀ òfurufú, kí ó wá dé inú fúláàtì tí onílé rẹ̀ kò fẹ́ ajá rárá.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n mi. Àwọn kan ní kí n tà á, àwọn kan ní kí n ja á sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọjà kan, ẹnìkan sì fi ẹ̀rín sọ fún mi pé ọdún Ògún kò jìnnà mọ́. Èmi kò bá àwọn tí ń fi ajá bọ Ògún jà, ìṣẹ̀ṣe ìlú ni. Ṣùgbọ́n ajá tí ó jẹun nínú ilé mi fún ọdún 9 kò ní ti ọwọ́ mi dé ojúbọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní ti ọwọ́ mi dé ìkòkò àwọn tí ń se ẹran ajá tí wọ́n ń pè ní 404. Ewu tí ó wà nínú kí ènìyàn kàn kéde pé òun fẹ́ fi ajá tọrẹ nìyẹn, nítorí ẹni tí ó gba nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ kì í sábà sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti sanwó.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni ó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Dókítà náà kò fọwọ́ kan Tanímọ̀la nígbà tí a dé. Ó gbé àpótí ìjókòó sí ẹ̀bá ògiri, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan láìwo ajá náà lójú, ó sì jẹ́ kí ó máa gbóòórùn káàkiri títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tí ó dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá ní kí n pè é, kí òun lè rí bí ó ṣe ń dìde. Ẹsẹ̀ iwájú ni ó kọ́kọ́ gbé e nílẹ̀, ó dúró díẹ̀, kí ó tó fa ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó sì ń rìn bọ̀, a ń gbọ́ bí èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń họ ilẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ dókítà dé ìbàdí rẹ̀, ajá náà yí orí padà kíá, ó fi eyín gbá ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú, ṣùgbọ́n kò pa eyín dé. Dókítà kò fa ọwọ́ yọ. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ajá fi tú u sílẹ̀, ó wá sọ pé, “Ajá yín kò burú, mà. Ìbàdí ló ń dùn ún.”

Làkúrègbé ti wọ oríkèé ìbàdí rẹ̀ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí àwòrán egungun ṣe fi hàn lẹ́yìn náà, àìsàn ìbàdí sì wọ́pọ̀ gan-an nínú ẹ̀yà ajá yìí. Eyín gígùn ṣóńṣó kan ti ṣẹ́ lápá òsì, ibẹ̀ sì ti wú, èyí tí ó lè mú kí àkókò oúnjẹ di àkókò ìjà fún un. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i, kò rí i títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì lè tètè dìde kúrò níbẹ̀. Eyín nìkan ni ó kù tí ó lè lò. Nígbà tí mo gbọ́ àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ àti alágbàfọ̀ wa yé mi dáadáa. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ bí ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín rẹ̀ ṣe rí, kí wọ́n tó fún un ní oògùn ìrora tí ń jẹ́ meloxicam, èyí tí a ń fún un pẹ̀lú oúnjẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún mi gidigidi pé a kò gbọ́dọ̀ fún ajá ní oògùn ìrora ti ènìyàn bíi ibuprofen, nítorí májèlé ni fún un. Kò pẹ́ sí i tí ó fi ń jẹ́ kí a fọ irun ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yí padà tán. Ó ṣì ń kùn bí a bá sún mọ́ àwo rẹ̀, dókítà sì sọ fún mi pé àṣà tí ìrora bí kì í fìgbà gbogbo bá ìrora lọ. Kò fi pa mọ́ fún mi pẹ̀lú pé bí oògùn kò bá ràn án mọ́, tàbí tí ó bá tún bu ènìyàn jẹ burúkú, ọ̀rọ̀ fífún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ láìjìyà yóò di ohun tí a ó jókòó sọ. Mo fẹ́ràn kí ènìyàn bá mi sọ òótọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọn kì í gba ajá tí kò ní káàdì àjẹsára dìgbòlugi sínú ètò yìí, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé bí dìgbòlugi bá ti fi ara hàn nínú ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Lẹ́yìn tí ajá bá bu ènìyàn jẹ, wọ́n máa ń ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ 10, wọ́n sì máa ń rán gbogbo ẹni tí ó bá béèrè létí pé kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ nípa Tanímọ̀la bà mí lẹ́rù nígbà tí mo kà á. “Ó ti bu ènìyàn méjì jẹ. Kò yẹ fún ilé tí ọmọdé wà. Kò fẹ́ kí a gba ẹ̀yìn sún mọ́ ọn.” Bí ìwé yẹn ṣe rí nìyẹn, wọn kò fi iyọ̀ sí i, wọn kò fi ṣúgà sí i. Mo rò pé kò ní sí ẹni tí yóò dáhùn, àwọn ènìyàn sì dáhùn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n gbà. Ọkùnrin kan fẹ́ kí ó máa ṣọ́ oko adìẹ lórí ẹ̀wọ̀n tọ̀sán-tòru. Wọn kò gbà fún un. Òmíràn kò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí ìwà rẹ̀, bí ó ṣe tóbi tó nìkan ni ó ń béèrè. Wọ́n ní kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Àwọn tí ó gbà á níkẹyìn ni bàbá àti ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ilé wọn wà lápá Mọ́níyà, tí ọgbà wọn ní odi, tí kò sí àtẹ̀gùn nílé, tí àwọn ọmọ wọn sì ti dàgbà. Ilé ìwòsàn náà lọ wo ilé ọ̀hún kí àwọn arúgbó wọ̀nyí tó fojú kan ajá. Ìta ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé, tí a jọ rìn lọ ní ojú ọ̀nà tí ó dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọgbà wọn fún wákàtí díẹ̀ kí ó tó sùn níbẹ̀. Wọ́n kọ́ bàbá náà láti máa pe orúkọ rẹ̀ kí ó tó sún mọ́ ọn, àti láti gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ kò ti ń kọjá.

Mo wá dé orí ohun tí inú mi kò dùn sí. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé mi kò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún mi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwòrán egungun àti yíyọ eyín kò sí nínú rẹ̀, ohun tí mo sì san níkẹyìn ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Èyí tí ó bí mi nínú jù ni ìbòẹnu tí wọ́n tà fún mi. Aláwọ tóóró ni, irú èyí tí ń di ẹnu ajá pinpin, bẹ́ẹ̀ ahọ́n tí ajá ń yọ síta tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń mú ara rẹ̀ tutù. Nínú oòrùn Ìbàdàn, ìyà gbáà ni. Mo dá a padà fún wọn, mo sì wá irú èyí tí ó dà bí apẹ̀rẹ̀ ra níbòmíràn, èyí tí ó lè la ẹnu nínú rẹ̀, tí ó sì lè mu omi. Ẹja gbígbẹ tí a fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a fi mú kí ó máa ki ẹnu bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ó mọ ẹranko tó wọn kò yẹ kí ó máa ta èyí àkọ́kọ́ rárá.

Ìròyìn wọn náà kò já gaara. Àdéhùn ni pé wọn yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóṣooṣù. Àwòrán ni mo ń rí, tí n kò sì rí ọ̀rọ̀ kan nípa oògùn tàbí ìwà rẹ̀ àyàfi tí mo bá béèrè. Ẹnu ìyá tí ó gbà á ni mo ti gbọ́ pé ó kùn mọ́ ẹni tí ń ka mítà iná, àti pé wọn kò tí ì ní ìṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú 5, mo fún wọn ní 4, àyẹ̀wò àti òótọ́ inú ìwé wọn ni mo sì fún ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ ṣì kéré, tí kò sì ní ìṣòro, kò nílò ìnáwó yìí. Ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yóò gbà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá wọn, kí ó mú káàdì àjẹsára dání, kí ó kọ ọjọ́ tí ajá rẹ̀ bu ènìyàn jẹ sílẹ̀ àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ó sì ní kí wọ́n kọ gbogbo iye owó sórí ìwé kan ṣoṣo kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun.