Ọ̀gá tó bá wa ya fóònù sọ́tọ̀ lára kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ ti ọ̀gá onínẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣe ọ́fíìsì wa o. Tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan bá ti ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, ohùn oníbàárà á máa já lórí fóònù, "ẹ ń gbọ́ mi? ẹ ń gbọ́ mi?" la máa ń pariwo ṣáá, ó máa ń dùn mí gan-an. Mo rò pé a máa ra switch tuntun ni, àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ń wọ̀, àmọ́ ó ní rárá, èyí tá a ní náà ló lò, ó kàn pín in sí VLAN méjì, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó dá dúró nínú switch kan náà, nọ́ńbà 10 fún kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà 20 fún fóònù, wáyà kan ṣoṣo ló ṣì wá sí tábìlì mi, ó gba inú fóònù kó tó dé kọ̀ǹpútà, fóònù ló ń lẹ àmì 802.1Q, tó ń sọ VLAN tí ìsọfúnni wà, mọ́ tiẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ò ní àmì kankan. Ó tún fún ohùn ní DSCP 46, àmì tó ń sọ pé kí ohùn kọ́kọ́ kọjá, torí VLAN nìkan ò ní kí ohùn ṣíwájú o. Ó pẹ́ kó tó dé, ìyẹn ò dáa, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ yìí mo bá ìyá kan ní Kétu sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́ ketekete.