Ojú kírísítálì àti inú rẹ̀: èwo ni ká gbà gbọ́?

Bí ògì bá tutù lórí igbá ní ọjà Àjàṣẹ́, awọ á bo ojú rẹ̀. Àgbàdo kan náà ni, àmọ́ awọ kò jọ inú. Bẹ́ẹ̀ ni Sr₂RuO₄ rí, kírísítálì tó jẹ́ superconductor, tí wọ́n ṣàwárí ní Japan ní 1994, tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà bó bá tutù dé nǹkan bí 1.5 K (K, kelvin, ni ìwọ̀n òtútù tó bẹ̀rẹ̀ láti òpin òtútù).

Ojú ni ARPES, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ìmọ́lẹ̀ wo ẹlẹ́kítíróònù, ń rí. Ìmọ́lẹ̀ 20 sí 100 eV (eV ni ìwọ̀n agbára) ni wọ́n fi ń lé ẹlẹ́kítíróònù jáde, kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀ àti igun tó gbà jáde. Ìwọ̀nba nanomítà kan péré ló ń rí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: ní ojú, àwọn ọ́síjìn tó yí ruthenium ká máa ń yí díẹ̀ kúrò ní ipò wọn, ìlà agbára ẹlẹ́kítíróònù tí kò sí nínú á sì yọjú. Èyí ló fa àríyànjiyàn ọlọ́dún gbọọrọ lórí ìrísí ìlà γ, ọ̀kan nínú àwọn ìlà ẹlẹ́kítíróònù Sr₂RuO₄.

dHvA (de Haas–van Alphen), ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà wo ẹlẹ́kítíróònù, ní tirẹ̀ ń wo inú gan-an, pẹ̀lú òòfà líle àti òtútù tí kò tó 1 K. Ó ń sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ̀ tó, kì í sọ ibi tó wà. Kírísítálì tó ní ìdọ̀tí kò ní fún un lésì kankan.

Ọgbọ́n tó yanjú ìjà náà rọrùn: ẹ la kírísítálì ní 180 K dípò 10 K, kí ẹ tó mú un tutù. Àwọn ìlà ojú á pa rẹ́, ti inú á sì hàn kedere, bí wọ́n ṣe fi hàn ní 2000. Ní tèmi, dHvA ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà gbọ́.