Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Àfọwọ́ṣe Tó Ń Ṣáàjì Bátìrì: Bí Mo Ṣe Rí I

Ẹni tó bá fẹ́ iná tí yóò gbé fíríìjì tàbí áyọ́ọ̀nù, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ẹ̀rọ yìí tí afẹ́fẹ́ ń yí láti mú iná wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gílóòbù LED mélòó kan, rédíò àti fóònù lẹ fẹ́ máa lò, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Èyí tí mò ń lò kò ní nǹkan àràmàǹdà kankan nínú: apá mẹ́ta tí mo gé lára páìpù PVC, dáínámò tó ní òòfà nínú (òun ló ń sọ yíyí apá di iná), ìrù pẹlẹbẹ tó ń yí i kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, òpó irin gíga, wáyà, àti bátìrì fóltì 12.

Dáínámò yẹn gan-an ni kókó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ ni mọ́tò iná tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, torí pé ó rọrùn láti rí. Èmi náà ti gbé e sókè rí, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lò ó níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti lágbára. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé fóltì 130 ni nígbà tó bá ń yí ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, a jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 600 kó tó mú fóltì 13 wá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì kì í gba iná kankan títí fóltì tó ń bọ̀ yóò fi ga ju tirẹ̀ lọ. Apá tó gùn ní mítà 1.2 láti etí kan dé èkejì kì í sábà yí ju nǹkan bí ìgbà 400 lọ ní ìṣẹ́jú kan nínú afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ó máa wò ó bó ṣe ń yí fìrìfìrì, inú yín á máa dùn, bátìrì ò sì ní rí nǹkan kan gbà.

Dáínámò tó wà lórí òpó mi báyìí, àwo irin méjì ni. Òòfà neodymium, irú òòfà tó lágbára gan-an, ló yí wọn ká, wáyà kọ́pà tí a ká tí a sì fi resini (oje tó máa ń gan) dì wà láàárín wọn. Kò sí irin kankan nínú wáyà yẹn, nítorí náà òòfà kò rí nǹkan fà mọ́ra, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti gbé e. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́. Ẹ tún ṣọ́ ìka yín o: òòfà méjì tó bá gbá ara wọn mú lè fọ́ egungun ìka tó bá wà láàárín wọn.

Mo fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Bí wáyà kò bá tíì kan bátìrì, apá náà á máa sáré, á máa hó. Bí mo bá ti so wáyà pọ̀ báyìí, ohùn yẹn á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yíyí rẹ̀ á wúwo, ọwọ́ mítà tó ń wọn áńpù á sì gbéra kúrò lórí òdo. Ìgbà yẹn lẹ mọ̀ pé iná ti ń wọlé. Áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, ni kí ẹ máa wò, ẹ má jẹ́ kí fóltì tó bá yọ lórí wáyà tí kò kan nǹkan kan tàn yín jẹ.

Iná tó ń wọlé ńkọ́? Bí ìyára afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Apá mítà 1.2 tí mo sọ yẹn, nínú afẹ́fẹ́ mítà 5, nǹkan bíi wáàtì 86 ló ń kọjá lára rẹ̀. Albert Betz, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ti fi ìṣirò hàn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà ju ìdá 59.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú rẹ̀. Àfọwọ́ṣe tó dára máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì 86 yẹn, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 20, áńpù kan àbọ̀. Ó kéré lójú, àmọ́ gílóòbù LED wáàtì 5 kan kì í jẹ tó ìdajì áńpù, afẹ́fẹ́ sì lè fẹ́ mọ́jú. Ní 1888, Charles Brush, olùṣẹ̀dá ẹ̀rọ iná, kọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ní Cleveland, Amẹ́ríkà, láti fi ṣáàjì bátìrì tó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀: ó fẹ̀ tó mítà 17, síbẹ̀ kìlówáàtì 12 péré ló ń mú wá.

Nítorí pé ìyára afẹ́fẹ́ ló ń pinnu iná tó ń wọlé, ẹ gbé e ga. Orí òrùlé kò dára rárá; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń rú ni, ilé á sì máa gbọ̀n. Ìlànà tí àwọn tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kó fi ẹsẹ̀ bàtà 30 ga ju igi tàbí ilé èyíkéyìí tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 300 sí i. Bí wáyà bá wá gùn, kó nípọn, torí fóltì 12 tètè ń ṣòfò lójú ọ̀nà.

Kọntírólà sọ́là, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ iná tó ń wọ bátìrì, kò ṣe é lò fún un. Bí bátìrì bá kún, ti sọ́là á kàn já iná dúró, pánẹ́ẹ̀lì ò sì ní ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá já iná rẹ̀ á máa sáré àsápajúdé títí apá rẹ̀ á fi fò yọ. Èyí tó yẹ ẹ́ ni kọntírólà tó ń darí iná àṣẹ́kù sínú wáyà agbóná nígbà tí bátìrì bá ti dé nǹkan bíi fóltì 14.4. Ẹ fi fíùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kí bátìrì sì wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé dáadáa, nítorí gáàsì háídírójìn máa ń jáde lára rẹ̀ bó bá ń kún.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ mi lọ́rùn lára tèmi ni apá PVC. Oòrùn ń jẹ ẹ́, ó sì ń gan. Igi ni mo fẹ́ gbẹ́ sípò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó náwó sórí òòfà, ẹ gbé ohun tó ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ sórí ọ̀pá gígùn, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá sábà dé mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sọ́là ni kí ẹ rà.